Ìṣirò Iṣẹ́ Ìríjú, àti Ọ̀ràn Ìgò Mínírà



Ìtàn ìríjú aláìṣòótọ́ inú Lúùkù 16 a máa ṣòro láti wàásù lé lórí, nítorí pé olúwa rẹ̀ yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Nígbà tí a béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sá, bẹ́ẹ̀ ni kò sun ìwé. Ó pe àwọn onígbèsè. Ẹni tí ó jẹ 100 òṣùwọ̀n òróró kọ 50, ẹni tí ó jẹ 100 ti àlìkámà kọ 80. Ìwé wà síbẹ̀. Iye inú rẹ̀ ni ó yí padà.

Ìtàn yìí sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ka ìròyìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu ńláńlá ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa omi tí wọ́n lò, èéfín tí wọ́n tú, àti ike tí wọ́n rán jáde sínú ayé. Kí ni ìròyìn wọ̀nyí bí kò ṣe ìṣirò iṣẹ́ ìríjú? Ní 2019 ni Coca-Cola ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ iye ike tí ó ń lò, nínú ìwé tí Ellen MacArthur Foundation tẹ̀: 3 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ní ọdún 2017 nìkan. Nestlé sọ 1.7 mílíọ̀nù. PepsiCo kò sọ tirẹ̀ nígbà náà. Mo yin àwọn tí ó sọ. Ẹni tí kò kọ iye sílẹ̀, báwo ni a ó ti ṣe bá a wí?

Ó ku ìlérí. Ní 2018, Coca-Cola ṣèlérí pé nígbà tí ó bá fi di 2030, òun yóò máa kó ìgò tàbí agolo kan padà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tí òun bá tà, àti pé ìdá 50 nínú 100 ohun tí a fi ń ṣe wọ́n yóò jẹ́ àlòkù tí a tún yọ́. Ní 2022 ó fi kún un pé ìdá 25 nínú 100 ohun mímu rẹ̀ yóò wà nínú ìgò tí a lè dá padà láti tún rọ. Èyí dùn mọ́ mi, nítorí pé ó yé wa dáradára. Ní ìgbà èwe wa, ta ni yóò ta mínírà fún ọmọ tí kò mú òfìfo ìgò lọ́wọ́, tàbí tí kò fi owó ìgò dógò? Bí ìgò bá fọ́ lọ́nà, ẹgba ń dúró dè wá nílé! Lónìí, ìgò ike ni ó ń dí gọ́tà wa.

Ní oṣù Kejìlá 2024, a tún ìwé náà kọ. 50 di 35 sí 40. 2030 di 2035. Kíkó gbogbo rẹ̀ padà di ìdá 70 sí 75. Ti ìgò àdápadà, mo wá a títí nínú ìlérí titun náà, n kò rí i. Wọ́n ní ọ̀ràn náà díjú. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tíṣà, bí ọmọ ilé-ìwé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa 50 rẹ́, tí ó sì kọ 35 pé òun ni ààmì àṣeyege, ẹ ó ha buwọ́ lù ú bí?

Nítorí náà, ẹ má ṣe ju ìròyìn àtijọ́ nù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọdún yìí níwájú àwọn ọmọ kíláàsì yín, kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwa pẹ̀lú kò bọ́ níbẹ̀: ní ìkórè tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ìjọ kọ iye ìgò ike tí a rà sílẹ̀, àti iye tí a kó jọ lẹ́yìn àsè, kí a sì kà á sétí ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, bí iye náà tilẹ̀ tì wá lójú.