Nígbà tí Àyà bá ń Kìlọ̀



Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí 25, a kà nípa Nábálì, ọlọ́rọ̀ ará Máónì, ẹni tí àìsàn mú lọ́kàn ní òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé àsè, tí ó sì kú ní ìwọ̀n ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn ọkàn òjijì ń kọlù lónìí kì í rí wákàtí 10. Kì í sì í ṣe àwọn oníwà bíi Nábálì nìkan ni ó ń pa.

Ọkàn ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Bí ọ̀rá bá mú kí iṣan náà há, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì nínú rẹ̀, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọdún 1768 ni William Heberden, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ìrora àyà tí ń mú ènìyàn bí ó ti ń rìn, pàápàá bí ó bá ń gun òkè, tí ó sì ń lọ bí ó bá dúró. Kí ẹni tí ó bá rí irú èyí tètè lọ bá dókítà. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi kò bá mú un lọ, tí ó dàbí ẹrù wúwo lórí àyà, tí ó ń ràn dé apá, ọrùn, àgbọ̀n, ẹ̀yìn tàbí òkè ikùn, tí òógùn tútù bo ara, tí èémí ń há, tí èébì sì ń gbé ẹni náà, kì í ṣe àkókò agbo mọ́. Àwọn obìnrin, arúgbó àti alátọ̀gbẹ lè ṣàìní ìrora àyà rárá, kí ó jẹ́ àárẹ̀ tí kò nídìí àti àìlèmí dáadáa nìkan.

A mọ àwọn ènìyàn wa. Àgbà ìjọ yóò ní kò yẹ kí òun dìde nígbà tí ìwàásù ń lọ. Olùkọ́ yóò ní kí òun parí ẹ̀kọ́ ná. Ìyá yóò ní òun kò fẹ́ da àwọn ọmọ láàmú lóru. Wọn a sì máa pè é ní sùúrù! Irú sùúrù yìí kọ́ ni Olúwa ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹlòmíràn yóò ní ọfà ni a ta òun, yóò sì máa wá ẹni tí yóò gbàdúrà. A kò kọ àdúrà; kí a máa gbà á nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí ilé ìwòsàn. Oníṣègùn ni Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn.

Kí aláìsàn jókòó; kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ rìn lọ, kí ó má sì wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹni tí a ka àspirín léèwọ̀ fún, kí ó rún oníwọ̀n 300 mìlígíráàmù kan lẹ́nu. Kí àwọn ìjòyè ìjọ kọ̀ọ̀kan sì wádìí láti ìsinsìnyí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ wọn jù tí dókítà wà níbẹ̀ lóru, àti ẹni tí a lè jí fún ọkọ̀.