Ẹni tí ó Dá Rìn, Ta ni Ó Ń Bá A Ru Ewu?

Bí ọ̀dọ́ kan bá ní òun fẹ́ gbé àpò kọ́ èjìká, kí òun nìkan lọ, pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, sí ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, ìdáhùn méjì ni yóò gbọ́. Àwọn kan yóò ní akin ni. Àwọn mìíràn yóò ní orí rẹ̀ kò pé. Lójú tèmi, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n gbà pé ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn ajínigbé gbé arìnrìn-àjò Faransé méjì nínú igbó Pendjari, ní àríwá ilẹ̀ wa. Wọ́n pa Fiacre Gbédji, ọmọ Benin tí ó ń ṣe amọ̀nà wọn. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10, àwọn ọmọ ogun Faransé gba àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní Burkina Faso, ṣùgbọ́n Cédric de Pierrepont àti Alain Bertoncello, ọmọ ogun méjì, kú níbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò padà sílé láàyè, inú wa sì dùn. N kò sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ajínigbé ni ó jẹ̀bi. Síbẹ̀, nínú àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí, kò sí ẹni tí ó jáde nílé láti gbafẹ́. Wọ́n ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn ńlá fún àwọn ọmọ ogun náà ní Les Invalides ní Paris, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Amọ̀nà wa ńkọ́? Mélòó nínú wa ni ó rántí orúkọ rẹ̀?

Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ san owó amọ̀nà. Ẹni tí ó ń dá rìn láìlówó náà kò lè ṣe aláìní amọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀ ń ṣe é. Ìyá tí ó tẹ́ ẹní fún un ni, ọmọdé tí ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni. Àwọn àgbà ní àjò kò dùn kí onílé má rèlé. Òwe náà kò sọ ẹni tí yóò sìn ín délé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ yẹn, àwọn ọmọ ogun bá obìnrin méjì mìíràn níbẹ̀, ará Amẹ́ríkà kan àti ará Kòríà Gúúsù kan. Wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rárá pé wọ́n wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní kí a jókòó sílé. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Pendjari, apá pupa fẹ̀ sí i lórí ilẹ̀ wa nínú àwòrán tí ìjọba Faransé fi ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. A sì mọ̀ pé Àjàṣẹ́ kì í ṣe Pendjari. Irú ìwà yìí ni àwa náà ń hù sí Nàìjíríà. A gbọ́ ìròyìn Borno, a sì ń bẹ̀rù Ìdírókò, bẹ́ẹ̀ ni Maiduguri jìnnà síbẹ̀ ju 1,000 kìlómítà lọ, ìbátan ará Kétu sì ń gbé ní Ìmẹ̀kọ. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà. Ẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀ràn ti le nìyí. Oníṣẹ́ zémidjan kan ní òun kò ní kọjá abúlé báyìí mọ́. Ó mọ ìdí. Àlejò na owó díẹ̀ sí i. Ọkùnrin náà ro oúnjẹ alẹ́ ọmọ rẹ̀, ó tún ẹ̀rọ tan. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀, àlejò yóò ní òun kò fi ipá mú un.