Àwókù Teotihuacan: Ṣé Ìyìn Ni Tàbí Ìbáwí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá lọ wo àwókù ìlú Teotihuacan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò mu. Ìlú náà ti di ahoro fún ohun tí ó lé ní 800 ọdún kí àwọn ará Sípéènì tó gba ilẹ̀ náà ní 1521. Nígbà tí ó gbilẹ̀, ènìyàn tó 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń gbé inú rẹ̀. Pírámíìdì Oòrùn tí ó wà níbẹ̀ ga tó mítà 65. Àwọn tí ó kọ́ ọ kò ní irin, wọn kò ní ẹṣin, wọn kò sì ní kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ọwọ́ àti èjìká ni wọ́n fi ṣe é. Ta ni yóò rí i tí kò ní ṣí fìlà?

Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1980, àwọn awalẹ̀pìtàn hú egungun ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìdí Pírámíìdì Ejò Oníìyẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ti di ọwọ́ wọn sẹ́yìn. A fi wọ́n rúbọ ni, ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ṣé ó wá tọ́ kí a yin irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò ní ìgbà wọn ni wọ́n lò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó bi ẹni tí a dè léèrè bóyá ìgbà náà tẹ́ ẹ lọ́rùn? Àwọn mìíràn yóò ní kí a pa ojú dé sí i. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó fi èjìká ru òkúta yóò di ẹni ìgbàgbé, àwọn tí a pa yóò sì kú lẹ́ẹ̀kejì. Kò sì yẹ kí Yorùbá rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí. A ti fi ènìyàn rúbọ nílẹ̀ yìí náà rí.

Orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ lónìí kì í ṣe èyí tí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó sọ ọ́. Àwọn Aztec ni ó fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ àwọn ọba ibẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n dè ti pòórá pọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí yóò bá sọ ìtàn ìlú yìí fún ọmọ iléèwé gbọ́dọ̀ fi gíga òkúta hàn án, kí ó sì fi kòtò tí ó wà ní ìdí rẹ̀ hàn án. Ẹni tí ó fi ọ̀kan pamọ́ nínú méjèèjì kò tíì kọ́ ọmọ náà ní ìtàn.