Èébú Lójú Òbí



Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa béèrè pé: bí ọ̀rọ̀ kan bá burú, kò ha burú níbi gbogbo bí? Bí a bá sì lè sọ ọ́ láàrin ẹgbẹ́ wa ní gáréèjì, èéṣe tí a fi ń gbé e mì nígbà tí bàbá tàbí ìyá wa bá yọ? Wọ́n ní àgàbàgebè ni. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn.

Ẹ wo bí èébú wa ti rí ná. A máa ń fi ojú àti imú bú ènìyàn, a sì ń fi ẹ̀yà ìkọ̀kọ̀ ara bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni oró rẹ̀ wà. Bí ọmọ méjì bá ń jà, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kúrò lórí àwọn fúnra wọn. "Ìyá rẹ!" ni èkínní yóò wí. "Ìyá tìrẹ náà!" ni èkejì yóò fi dáhùn. Obìnrin méjì tí ọwọ́ wọn mọ́, tí ọ̀kan wà lọ́jà Komu tí èkejì ń ro ọkà nílé, ni a ti wọ́ wọ inú ìjà yìí. Ọmọ tí ó bú ẹlòmíràn lójú ìyá ara rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún èébú tí yóò wá bá ìyá náà níbi tí ó jókòó sí. Ojú ìyá rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó rí ohun tí kò rí ní gáréèjì: pé ẹni tí òun ń bú pàápàá ní ìyá. Èyí kì í ṣe àgàbàgebè. Ìmọ̀ ni. Ì bá dára bí ó bá lè gbé ìmọ̀ náà padà lọ sí gáréèjì.

Àwọn baba wa tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kì í fi í pa òwe lójú àgbà láìtọrọ àyè. "Tótó, ó ṣe bí òwe," ni yóò wí, àgbà a sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Bí òwe, tí í ṣe ohun rere, bá ń fẹ́ ìyọ̀ǹda, kí ni ti èébú?

Ẹnìkan lè wí fún mi pé, "Fadá, ọdún Òkèbàdàn ńkọ́?" Òótọ́ ni. Lọ́dọọdún ni Ìbàdàn ń ṣe ìrántí Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n sá gun orí òkè, tí wọ́n sì ń jẹ ìgbín àti èso òro níbẹ̀. A kì í dáná lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn a máa kọrin kiri ìgboro, wọn a dárúkọ ohun tí a ń fi aṣọ bò, wọn kì í sì í dá àgbà sí. A kì í bínú sí i. Èmi kò rán yín lọ jó níbẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, àti pé orin gbogbo ìlú ni, kì í ṣe ti ọmọ kan sí bàbá rẹ̀. Bí ó bá tọ́ lójoojúmọ́, ta ni ì bá tún yan ọjọ́ fún un?

Wàyí o, ẹ̀yin òbí. Nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Efesu, orí kẹfà, Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò pẹ́ lórí ọ̀wọ̀ tí ọmọ jẹ òbí kí ó tó yíjú sí àwọn bàbá pé kí wọ́n má ṣe mú ọmọ wọn bínú. Bàbá tí ó pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ àlè, aya rẹ̀ ni ó bú. Ìyá tí ó ní orí burúkú bàbá ni ó wà lára ọmọ òun, ọkọ rẹ̀ ni ó bú. Àwọn méjèèjì ti fi òbí ọmọ náà bú u, lójú àwọn òbí náà gan-an.

Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ fetí sí àwọn kékeré tí ń ṣe eré bàbá àti ìyá lẹ́yìnkùlé. Èyí tí ó gba ipò bàbá, èébú wo ni ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde?