Ebi Kì í Wọnú Kí Ọ̀rọ̀ Mìíràn Wọ̀ Ọ́

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìwàásù pàápàá kò yọ sílẹ̀. Nílùú Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá kan figbe ta sí Paddy Henderson pé àwọn ọmọ òun máa febi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Paddy àti Carol ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní Bulgaria, bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ jọ sílé wọn fáwọn aládùúgbò lọ́dún 2000.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ibùdó tí wọ́n ti ń pín irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà lónìí. Ará ìjọ á gbé ẹ̀wà inú agolo àti ìrẹsì wá. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn á yẹ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wò, wọ́n á di oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sínú àpò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí owó rẹ̀ ò ká ilé àti oúnjẹ náà ń wá, ojú á sì máa tì í. Ìdí nìyí tí àga àti ife tíì tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un fi jọ mí lójú ju ẹrù náà lọ.

Ẹ̀yin ará wa tó ń jọ́sìn ní London, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ohun tó tán ní ibùdó náà.