Ǹjẹ́ Ohun Tí Kò Ní Tọ́jọ́ Yẹ fún Làálàá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá mọ̀ dájú pé iṣẹ́ ọwọ́ òun kò ní pẹ́ tí yóò fi parẹ́, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó ṣe é tọkàntọkàn? Ẹni tí ó mú ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn ni Andy Goldsworthy, oníṣẹ́-ọnà tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1956, tí ó sì fi abúlé Penpont ní Skọ́tíláńdì ṣe ibùgbé.

Ní ìgbà òtútù níbẹ̀, omi a máa dì, a sì máa ṣe ṣóńṣó létí àpáta bí eyín erin. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, ọkùnrin yìí ṣẹ́ ṣóńṣó yìnyín wọ̀nyí jọ létí odò Scaur, ó sì fi wọ́n ṣe ìràwọ̀ kan. Kò lo ìṣó, kò lo okùn. A ti ìdí ṣóńṣó kan bọ inú òjò dídì àti omi, a sì dì í mú títí yóò fi lẹ̀ mọ́ èkejì. Ó fi igi onípàlàkà gbé àwọn mìíràn ró. Nígbà tí ó sì fẹ́ yọ igi náà, ó kọ́kọ́ fi èémí ẹnu rẹ̀ yọ́ ọ, kí gbogbo rẹ̀ má baà wó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí oòrùn bá mú, ó di omi, ó bá odò lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn ó ní eré àjẹyó ni. Pé níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé lábẹ́ igi, ta ni ó ráyè fi odidi ọjọ́ kan ṣe ohun tí yóò domi? Ọ̀rọ̀ náà kò ṣé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bóyá iṣẹ́ náà wúlò ni ó ń bèèrè, kì í ṣe bóyá ó tọ́jọ́. Ohun tí ó wúlò jù lè má tọ́jọ́ rárá: oúnjẹ tí a sè lówùúrọ̀ kì í dúró di ọ̀la.

Ẹ wo onídìrí. Bí ó bá di ṣùkú lónìí, ó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi tú u. Síbẹ̀, bí ojú ìlà irun bá wọ́, ta ni yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé, “Ẹ má bínú, a ó sáà tú u”? Ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ ni ó jẹ ní gbèsè iṣẹ́ rere, kì í ṣe ọdún tí ń bọ̀.

Nígbà mìíràn pàápàá, píparẹ́ náà ni iṣẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2000, Goldsworthy gbé ìṣù òjò dídì roboto 13 sí ojú pópó Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí ó fi sínú wọn ń yọjú: irun àgùntàn, ìyẹ́ ẹyẹ, ọkà báálì. Bí wọn kò bá yọ́, ta ni ìbá rí i? Lóòótọ́, ó máa ń ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀; ṣùgbọ́n àwòrán olóògbé kì í jẹ́ ìpè.

Ní Florence ní ọdún 1494, Piero de' Medici ní kí Michelangelo fi òjò dídì gbẹ́ ère kan sí àgbàlá òun. Vasari kọ ọ́ pé ère náà rẹwà gidigidi. Ó yọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí ó ti rí mọ́. Ère Dáfídì tí ọwọ́ kan náà fi òkúta gbẹ́ tán ní ọdún 1504 ṣì wà di òní. Òkúta ni ó ni títọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe agbẹ́gilére. Bí ó bá ṣe ti òjò dídì ní ìṣekúṣe, ta ni ìbá mú un? Níbẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ ìwà oníṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀lẹ sá pamọ́ sábẹ́ pé ohun gbogbo ń kọjá lọ. Oòrùn ni ó ni yíyọ́. Bí iṣẹ́ yóò ti rí kí ó tó yọ́, ọwọ́ wa ni ó wà.