Gbèsè Tí Ń Bẹ Nínú Ìlérí

Àwọn àgbà fi ohùn wé ẹyin; wọ́n ní bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá onílérí wí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n bí ohun tí a ṣe ìlérí rẹ̀ bá pẹ́ kí ó tó dé ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹni tí ó pẹ́ ti di òpùrọ́ bí? Ǹjẹ́ sùúrù nìkan sì ni ojúṣe ẹni tí ń dúró?

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Tesla ní Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun kan, Model 3, hàn fún aráyé. Ọkọ̀ náà kì í mu epo. Iná mànàmáná ni ó ń lò. Wọ́n ní èyí tí owó rẹ̀ kéré jù yóò jẹ́ 35,000 dọ́là, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò san 1,000 dọ́là sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn tí ó fẹ́ ẹ ti lé ní 300,000, bẹ́ẹ̀ ni kò tí ì sí ọ̀kan tí a lè fi lé olùrà lọ́wọ́. Oṣù keje ọdún 2017 ni àwọn àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n pinnu pé kí ọdún náà tó parí, àwọn yóò máa ṣe 5,000 lọ́sẹ̀. Òpin oṣù kẹfà ọdún 2018 ni ọwọ́ wọn tó tẹ iye yẹn. Ṣíṣe bátìrì ní Nevada dí wọn lọ́wọ́. Elon Musk, ọ̀gá ibẹ̀, sì jẹ́wọ́ pé àwọn ti fi ẹ̀rọ rọ́pò ọwọ́ ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ń retí ọkọ̀ 35,000 dọ́là dúró títí di ọdún 2019.

Èyí lè dàbí ọ̀ràn àwọn olówó òkè òkun, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ wà nítòsí, ní Abidjan ní Côte d'Ivoire, ìlú tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò láti ìrandíran. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2017, Ààrẹ Alassane Ouattara àti Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé fi ìpìlẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kan lélẹ̀ níbẹ̀. Iná mànàmáná ni ọkọ̀ náà yóò máa lò. Yóò gbéra ní Anyama, yóò gba Abobo àti Adjamé kọjá, yóò sọdá ọ̀sà sí Treichville, yóò sì dé Port-Bouët, ìrìn nǹkan bí 37 kìlómítà. Ọdún tí a kọ́kọ́ dá fún un dé, ó sì kọjá. Àwọn tí ń gbé tí wọ́n sì ń tajà lẹ́bàá ojú irin ni a ní láti kó kúrò, kí a sì san owó gbà-má-bínú fún. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ọkọ̀ náà kò tí ì gbé èrò kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ Abobo ṣì ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń fún ara wọn mọ́ inú gbaka, ọkọ̀ akérò ìlú náà.

Ẹ fi àwọn méjèèjì wéra. Olùrà Model 3 bínú, ṣùgbọ́n àdéhùn gbà á láàyè láti gba 1,000 dọ́là rẹ̀ padà, kí ó sì ra ọkọ̀ mìíràn. Ará Abobo kò san owó sílẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó pàdánù jù, nítorí wákàtí ayé rẹ̀ ni ó ń san, kò sì sí ibi tí yóò ti gbà á padà. Níbí ni ìwọ̀n gbèsè onílérí ti hàn: bí agbára ẹni tí ń dúró bá ti kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ẹni tí ó ní kí ó dúró ṣe wúwo tó.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ ńlá kì í gbọ́ràn sí ọjọ́ lẹ́nu, àti pé bí a bá ń dẹ́bi fún gbogbo ẹni tí ó pẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò dáwọ́ lé ohun tuntun mọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo aránṣọ méjì nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Aṣọ kò ní parí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó ní, 'Ẹ má bínú, aṣọ yín kò ní lè jáde fún ọdún yìí.' Oníbàárà bínú, ṣùgbọ́n ó fọ aṣọ rẹ̀ àtijọ́, ó sì fi ṣe ọdún. Èkejì ń wí lójoojúmọ́ pé, 'Ó ku bọ́tìnnì nìkan,' títí ilẹ̀ ọjọ́ ọdún fi mọ́ bá oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì pa. Àìparí kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan náà kọ́. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ gbèsè aṣọ. Èkejì jẹ gbèsè aṣọ, ó sì tún jí àǹfààní tí oníbàárà ní láti wá ọ̀nà mìíràn.

Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n onílérí kọ́ ni ó yẹ kí ó fi òwe yìí pa ẹni tí ń dúró lẹ́nu mọ́. Ẹ̀bùn ni sùúrù. Òtítọ́ tí a sọ lásìkò ni a fi ń tọrọ rẹ̀.

Inú kíláàsì ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ní òun yóò dá ìwé ìdánwò padà ní ọjọ́ Ajé, tí ó wọlé lọ́wọ́ òfo tí kò sì wí nǹkan kan, ti kọ́ ogójì ọmọ pé ọjọ́ tí àgbà dá kò ní ìtumọ̀. Bí ó bá wí fún wọn pé iṣẹ́ náà kò parí, pé Ọjọ́bọ̀ ni yóò dé, àti pé ẹ̀bi òun ni, ó ti kọ́ wọn bí a ti ń jẹ gbèsè láìpàdánù iyì. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àwọn tí yóò ṣe ọkọ̀, tí yóò sì fi ìpìlẹ̀ ọ̀nà lélẹ̀ lọ́la, yóò ti jáde.